Ohùn Láti Etí Adágún Vättern

Kíkẹ́ ló kọ́kọ́ rí òkú. Ó gbé ògì gbígbóná wọ yàrá, ó kí Màmá káàárọ̀, kò gbọ́ èsì. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ náà ti tutù, ó sì ti le.

Màmá Ethel Ògúntádé nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìbora dé wọn láyà, ọwọ́ méjèèjì wà lórí ara wọn bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Jọ́gíráfì ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ Surulere kí ojú wọn tó fọ́. Kí oòrùn tó mú, gbogbo àdúgbò ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ti gbà pé ikú wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Àlùfáà ìjọ wọn tilẹ̀ ti ń wá orin tí wọn yóò kọ.

Dókítà tó wá wo òkú ni kò gbà. Òun ló ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá.

"Ẹ wo inú ètè yìí," ó sọ fún Ìnsípẹ́kítọ̀ Moyọ̀sọ́lá Ọláìtán. "Ó ti ya. Òwú ìrọ̀rí wà nínú ihò imú méjèèjì. Ẹnì kan ló fi ìrọ̀rí dí wọn lẹ́nu títí ẹ̀mí fi bọ́."

Moyọ̀sọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Eyín yìí ńkọ́?"

"Àtọwọ́dá ni. Lókè àti nísàlẹ̀. Wọn ò ní eyín tiwọn kan ṣoṣo mọ́."

Ife omi kan wà lórí àpótí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Omi nìkan ló wà nínú rẹ̀.

"Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ eyín sí kí wọ́n tó sùn," Kíkẹ́ wí láti ẹnu ọ̀nà. "Wọn kì í gbàgbé."

"Wọn ò tíì sùn nígbà náà," Moyọ̀sọ́lá dáhùn. "Ẹni tó pa wọ́n, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Ó pa wọ́n tán, ó tún tẹ́ wọn."

Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Moyọ̀sọ́lá. Ohun tí iṣẹ́ ọlọ́pàá ti kọ́ ọ ni pé òkú tí wọ́n bá tẹ́ dáadáa, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló pa á. Ó yẹ géètì wò. Inú ni wọ́n ti tì í, agádágodo rẹ̀ kò sì ní ìpalára kankan. Ẹni mẹ́ta péré ló sùn nínú ọgbà náà pẹ̀lú olóògbé: Kíkẹ́ tó ń tọ́jú wọn, Sàlíhù tó gba yàrá kan lẹ́yìnkùlé, àti Jeffrey Ọlápàdé, ọmọ àbúrò wọn, tí wọ́n tọ́ dàgbà.

Kíkẹ́ ni Moyọ̀sọ́lá kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Màmá ò jẹ́ kí o lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní kí n dúró di ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Níyì bá dé."

"O bínú?"

"Mo bínú. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń wẹ̀ fún wọn, mà. Ojoojúmọ́ ni mò ń dì wọ́n mú wọ balùwẹ̀, tí mò ń dì wọ́n mú jáde. Bí mo bá fẹ́ pa wọ́n, ṣé ìrọ̀rí ni màá wá lọ?"

Moyọ̀sọ́lá wò ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ó jọ òótọ́.

"Kí ni wọ́n bá ọ sọ láìpẹ́ yìí tó ṣàjèjì sí ọ?"

Kíkẹ́ ronú. "Wọ́n ní àyà ń já àwọn lóru. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí n pe dókítà, wọ́n kọ̀."

"Ta ni Níyì?"

"Ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ó wà ní Sweden. Ó ti tó ọdún méjì tó ti lọ, kí n tó dé ibí."

Ó gbé fóònù Màmá jáde. Ohùn Níyì ló kún inú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́, Níyì wí, kò jẹ́ kí òun lè máa pè ní tààrà, nítorí náà ó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Kíkẹ́ á mú Màmá lọ sẹ́yìnkùlé, á gbé àga sí ibi tí wọ́n ti rẹ́ kọnkéré sí, á sì tan fóònù náà sí wọn létí. Iyanrìn ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ibi kọnkéré yẹn nìkan ló dán, kò sì fẹ̀ ju ẹní ìsùn kan lọ.

"Màmá ní Bọ̀ọ̀dá Jeffrey ló fi ọwọ́ ara wọn rẹ́ ẹ," Kíkẹ́ wí. "Nígbà tí Màmá wà ní ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ ojú. Wọ́n ní kí ẹsẹ̀ Màmá má baà kọ."

Moyọ̀sọ́lá jókòó sórí àga náà. Ó gbọ́ àwọn ohùn náà tán pátá.

"Màmi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ohùn ọkùnrin kan ń wí, ohùn tó tutù, tó já gaara. "Jọ́ńkópìn dára lónìí. Mo lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìṣáná wọn. Inú ilé iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n ṣe é sí. Ìlú yìí ló kó ìṣáná tí kì í ṣàdédé gbiná ká gbogbo ayé."

Òmíràn ní: "Ìlú yìí ti gba àṣẹ ọba láti ọdún 1284, Màmi. Nígbà tí ogun Denmark ń bọ̀ ní 1612, àwọn ará ìlú fọwọ́ ara wọn dáná sun ilé ara wọn, kí ọ̀tá má baà rí nǹkan jẹ."

Òmíràn sọ̀rọ̀ nípa ọgbà òdòdó róòsì, ilé ẹyẹ tó wà lórí òkè, àti súìtì pupa òun funfun tí wọ́n ń lọ́ bí okùn ní ìlú kékeré kan nítòsí. Òmíràn tún ní: "Adágún Vättern ti dì, Màmi. Ó dì gbagidi. Gbogbo wa la fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀ títí dé erékùṣù tó wà láàárín."

Kíkẹ́ ní lẹ́yìn èyí ni Màmá ní kí òun pa fóònù náà. Ohun tí wọ́n kàn sọ ni pé, "Adágún yẹn jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Èyí tó kẹ́yìn dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kú. Kò gùn rárá. "Màmi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo gbọ́ pé ẹ ṣubú ní balùwẹ̀. Ẹ rọra máa rìn."

"Wọ́n ṣubú?" Moyọ̀sọ́lá béèrè.

"Rárá mà. Wọn ò ṣubú rí láti ọjọ́ tí mo ti dé."

"Kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ?"

"Wọ́n ní kí n tún un tàn. Wọ́n wá ní kí n wọlé, kí n jẹ́ kí àwọn nìkan jókòó díẹ̀."

Ní yàrá ẹ̀yìnkùlé, Sàlíhù ń fi epo sí ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe ní Sábó. Gbogbo ilé ló gbọ́ ariwo òun àti Màmá lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí wọ́n ní ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohùn ọmọ àwọn.

"Ẹ fẹ́ mú mi, àbí?" Sàlíhù wí. "Àlejò lèmi. Ṣùgbọ́n bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

"Ta ni ikú ilé?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo mọ̀ pé èmi àti Màmá ti parí ìjà wa. Wọ́n tiẹ̀ pè mí lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ní eyín ń dun àwọn, lókè lápá ọ̀tún, pé àwọn ò sùn ní gbogbo òru. Wọ́n ní kí n má sọ fún àwọn ará ilé. Mo fún wọn ní kanáfùrù, mo ní kí wọ́n fi há a."

Moyọ̀sọ́lá gbójú sókè. "Eyín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Eyín."

Ẹni tí kò ní eyín kan ṣoṣo. Moyọ̀sọ́lá padà lọ bá Kíkẹ́ nínú ilé ìdáná. Ó béèrè ọjọ́ tí Màmá sọ̀rọ̀ àyà jíjá. Kíkẹ́ ní ọjọ́ Sunday ni, lẹ́yìn ìsìn.

Irọ́ méjì ní ọjọ́ kan náà, láti ẹnu obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí olóòótọ́. Màmá sì ní kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pamọ́. Moyọ̀sọ́lá dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé láti ojú fèrèsé.

Jeffrey dé láti Ojú Ẹlẹ́gbà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ọkùnrin tó mọ́ra ni, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Moyọ̀sọ́lá. Ó sunkún níwọ̀n.

"Àwọn ló tọ́ mi, mà. Mi ò mọ ìyá mìíràn."

"Ìgbà wo lo bá Níyì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?"

"Ó ti pẹ́. Màmá ló ń fi ohùn ránṣẹ́ sí."

"Ìwọ lo sìn ín lọ sí pápákọ̀ òfuurufú?"

"Èmi ni. Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó dágbére fún wọn níbẹ̀. Èmi àtòun padà wálé gbé ẹrù. Mo sì sìn ín lọ."

"Ìlú wo ló wà gan-an?"

Nígbà náà ni ojú Jeffrey là. "Jọ́ńkópìn, mà. Ìlú tó dára. Etí adágún Vättern ló wà. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí ogun ń bọ̀, àwọn ará ìlú fọwọ́ ara wọn dáná sun ilé ara wọn?"

"Kí ọ̀tá má baà rí nǹkan jẹ," Moyọ̀sọ́lá wí.

Jeffrey wo ilẹ̀.

"Kí ni Màmá bá ọ sọ lọ́jọ́ Sunday?"

"Kò sí, mà."

"Wọn ò sọ ohunkóhun nípa ara wọn?"

"Rárá o. Ara wọn le koko."

Moyọ̀sọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jáde.

Ó rán Kọ́púrà Abdullateef sí pápákọ̀ òfuurufú. Òun fúnra rẹ̀ pe obìnrin kan tó ń jẹ́ Purity. Àǹtí ọ̀kan lára àwọn ọlọ́pàá àgọ́ wọn ni, ọmọ Mushin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú ìlú náà gan-an láti ọdún márùn-ún.

"Kí lẹ pe ìlú yẹn, mà?" Purity béèrè.

"Jọ́ńkópìn."

Purity rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lẹ kà á. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ níbí. Yọ́n-ṣọ̀-pìn ni. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo ti kọ́ ìyẹn, torí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ò gbọ́ mi."

"Ẹni tó bá ti lo ọdún méjì níbẹ̀ ńkọ́?"

"Bó bá pè é bíi tiyín, kò débí rí."

"Adágún yẹn, ẹ ti fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀ dé erékùṣù?"

"Vättern? Ó jìn gan-an, omi tó jìn bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè dì. Mi ò tíì rí i kó dì títí dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wa lọ, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nínú òtútù."

Ó ní àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ò pọ̀, wọ́n mọ ara wọn. Kò sí Níyì Ògúntádé láàárín wọn.

Moyọ̀sọ́lá ti fura kó tó pè é. Ọdún méjì, Níyì ò ráhùn nípa owó ilé rí. Kò sọ pé búrẹ́dì wọ́n, pé bàtà òun já, pé ọ̀gá kan pariwo mọ́ òun. Ẹni tó ń gbé ìlú kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń polówó rẹ̀.

Abdullateef dé. Ó ní orúkọ Níyì Ògúntádé kò sí lára àwọn tó jáde ní orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Moyọ̀sọ́lá kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sẹ́yìnkùlé. Ọlọ́pàá méjì dúró ti géètì. Abdullateef di irin gbọọrọ kan mú, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ́ ilẹ̀ líle.

"Màmá mọ̀ pé ohùn yẹn kì í ṣe ti ọmọ wọn," Moyọ̀sọ́lá bẹ̀rẹ̀. "Tíṣà jọ́gíráfì ni wọ́n. Nígbà tó ní òun fẹsẹ̀ rìn lórí adágún náà, wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe é? Afọ́jú ni wọ́n. Wọn ò lè ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá dẹ pańpẹ́ kan tí kò gba ojú."

Ó yíjú sí Kíkẹ́. "Àyà ni wọ́n sọ fún ọ."

Ó yíjú sí Sàlíhù. "Eyín ni wọ́n sọ fún ìwọ. Wọn ò sì ní eyín. Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí ẹ fi pamọ́. Èyí tí Níyì bá wá kí wọn fún, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún ni Níyì."

Ó wá kọjú sí Jeffrey.

"Níyì kí wọn pé wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀. Kíkẹ́ ò gbọ́ ìyẹn. Sàlíhù ò gbọ́ ọ. Wọn ò tilẹ̀ ṣubú. Jeffrey, ìwọ nìkan lo sọ pé Màmá ò sọ ohunkóhun fún ọ."

"Mo lè ti sọ fún Níyì," Jeffrey wí.

"O ní ó ti pẹ́ tí ẹ ti sọ̀rọ̀."

Jeffrey lá ètè.

"Iṣẹ́ ohùn ni iṣẹ́ rẹ. Àlùfáà ìjọ yín ní ọ̀pọ̀ ọdún ni Níyì fi ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìwọ ń gbà á sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà báyìí tó ń gba ohùn èèyàn, tó sì ń fi sọ ohun tí onítọ̀hún ò sọ rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Níyì ò wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìwọ lo rí i kẹ́yìn, nínú ilé yìí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìwọ tí kì í ṣe bíríkìlà fi ọwọ́ ara rẹ rẹ́ kọnkéré."

Ó mi orí sí Abdullateef. Abdullateef gbé irin sókè, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Kọnkéré náà sán.

"Ẹ rọra," Jeffrey wí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Apá orí nìyẹn."

Kíkẹ́ ti jókòó létí kọnkéré yẹn lọ́pọ̀lọpọ̀ ìrọ̀lẹ́, tó ń jẹ ẹ̀pà, tó ń bá Màmá rẹ́rìn-ín. Ó fà sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri. 

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Jeffrey sọ gbogbo rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ìlú yẹn," ó ní. "Mo rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ gbogbo ìtàn rẹ̀. Èmi ni mo sọ fún Níyì pé ká jọ kọ̀wé sí yunifásítì ibẹ̀. Wọ́n mú un. Wọn ò mú mi. Kò tilẹ̀ mọ orúkọ adágún náà, mà."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé?"

"Wọ́n ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀ fún ìdí táǹkì omi. Ó dúró létí ibẹ̀ pẹ̀lú bàtà tuntun. Ó ní òun á máa ròyìn ìlú náà fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín. Irin tí a fi gbẹ́ kòtò wà lọ́wọ́ mi."

"O lù ú lẹ́ẹ̀kan?"

"Ó ṣì ń mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn. Mi ò dúró."

Abdullateef tó ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ dáwọ́ dúró. Moyọ̀sọ́lá fọwọ́ kan tábìlì, Abdullateef tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

"Èwo ni ti ohùn?"

"Nígbà àkọ́kọ́, kí Màmá má baà wá a ni. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ń sọ ọ́, mo wà níbẹ̀. Mo wà létí omi. Màmá á gbọ́ ọ tán, wọ́n á súre. Láti kékeré, wọn ò súre fún mi báyẹn rí. Èmi ni wọ́n ń súre fún, mà. Wọn ò kàn mọ̀ ni."

"Lálẹ́ ọjọ́ náà?"

"Wọ́n pè mí sí yàrá. Wọ́n ní, 'Jeffrey, ìwọ ni.' Mi ò jiyàn. Wọ́n ní, 'Níbo lọmọ mi wà?'"

"O dá wọn lóhùn?"

"Mo lè ti purọ́," Jeffrey wí. "Ṣùgbọ́n orúkọ Níyì náà ni wọ́n tún ń pè. Wọn ò béèrè ìdí. Wọn ò béèrè nípa mi. Mo ní, 'Ẹ ti ń jókòó lé e lórí láti ọdún méjì.'"



"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé ẹsẹ̀ wọn méjèèjì kúrò nílẹ̀. Etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí, mà, nínú yàrá. Síbẹ̀ wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọn ò sì jẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo mú ìrọ̀rí."

Wọ́n mú un lọ sí àtìmọ́lé. Nígbà tí Moyọ̀sọ́lá jáde, Kíkẹ́ ló bá lórí bẹ́ǹṣì, tó wá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ìsìnkú ìyá àti ọmọ.

"Mà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé Màmá mọ ibi tí Bọ̀ọ̀dá Níyì wà kí wọ́n tó kú?"

Moyọ̀sọ́lá wo ojú rẹ̀.

"Wọn ò mọ̀," ó wí.

Kíkẹ́ mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó ń lọ.

Moyọ̀sọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí kò fi rí i mọ́. Ní ilé ẹjọ́, wọn yóò ka ọ̀rọ̀ Jeffrey síta láti òkè délẹ̀. Kíkẹ́ yóò sì wà níbẹ̀, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí wọn yóò pè.